Ìpá: Ọ̀nà Wo Ni Kí Wọ́n Gbà Rán An?

"Bàbá, ẹ dìde dúró. Ẹ wúkọ́ fún mi."

Bí dókítà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Á fi ìka méjì lé ibi tí itan ti pàdé ikùn, á ní kí ẹ wúkọ́, nǹkan kan á sì ta ìka rẹ̀ láti inú, bí ọmọ inú oyún ṣe ń ta ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà á ní kí ẹ dùbúlẹ̀, á máa wo wíwú náà bóyá á padà wọlé. Bí ó bá ń yọ nígbà tí ẹ dúró, tó ń wọlé nígbà tí ẹ dùbúlẹ̀, ìpá ni. Ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ní kí ẹ lọ ya àwòrán olówó gọbọi kó tó fọwọ́ kàn yín, ẹ bi í léèrè ohun tó ń wá.

Orúkọ kan ṣoṣo la fi ń pe àrùn méjì. Èyí tí omi dá jọ yí kóropọ̀n ká, ìpá la ń pè é. Èyí tí ìfun gba ihò abẹ́ itan yọ síta, ìpá náà ni. Iṣẹ́ abẹ àwọn méjèèjì kò jọra, nítorí náà ẹ mọ èyí tó ń ṣe yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò owó. Ìpá olómi kì í wọlé bí ẹ bá dùbúlẹ̀, bí wọ́n bá sì tan tọ́ọ̀ṣì sí i nínú òkùnkùn, ìmọ́lẹ̀ á là á já, á pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ìgbà tí ọmọdé fi àtẹ́lẹwọ́ bo iná. Ìpá ìfun ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí níbí.

Ihò yẹn kì í ṣe àfọ̀ṣẹ. Nígbà tí ọmọkùnrin ṣì wà nínú oyún, inú ikùn ni kóropọ̀n rẹ̀ wà; ọ̀nà tó gbà sọ̀kalẹ̀ sínú àpò rẹ̀ ni ògiri ikùn ti fẹ́lẹ́ jù. Nínú ọgọ́rùn-ún ọkùnrin, nǹkan bí 27 ló máa ní ìpá yìí kí ayé wọn tó parí. Nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin, bí mẹ́ta péré. Ẹni tó ń wa kùsà ní Ìjerò-Èkìtì, ẹni tó ń ru ògẹ̀dẹ̀ gun òkè Ẹfọ̀n, ẹni tó ń ti gẹdú ní sọ́míìlì, àwọn ló máa ń tètè mọ̀ pé nǹkan ti yọ, ṣùgbọ́n mo ti rí i lára tíṣà tí kò gbé ohun tó wúwo ju ṣọ́ọ̀kì lọ. Ikọ́ tí kò lọ, ìgbẹ́ gbígbẹ, ìtọ̀ tí bàbá àgbàlagbà ń fipá tì jáde, gbogbo wọn ló ń ti ògiri náà láti inú. Ìdí nìyẹn tí dókítà gidi fi máa ń béèrè bí ìtọ̀ yín ṣe ń jáde kó tó dárúkọ abẹ. Bí wọ́n bá rán ìpá, tí wọn kò wo ìtọ̀, ẹ̀yin fúnra yín ni yóò máa fi ipá títọ̀ tú ohun tí wọ́n rán.

Ti àgbo ńkọ́? Mo ń mu àgbo, mo sì mọ iyì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ihò ni ìpá, àgbo kì í dí ihò. Gbẹ́rẹ́ kì í dí i. Ìgbànú tí àwọn kan ń dì mọ́ ọn kàn ń tì í wọlé fún ìgbà díẹ̀ ni. Ẹni tó bá ní òun ti fi ewé wo ìpá sàn, bóyá ti olómi ló ní, bóyá ó sì ṣì ń bọ̀ lọ́dọ̀ dókítà.

Bàbá mi kékeré tó ń gbé Ẹfọ̀n bá ìpá tirẹ̀ gbé fún ọdún mọ́kànlá. Ní àràárọ̀, kó tó lọ oko, á dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, á fi àtẹ́lẹwọ́ tì í wọlé díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń ti aṣọ wọ inú àpótí tó ti kún, á wá di ṣòkòtò rẹ̀ le. Kò sẹ́ni tó bá a sọ ọ́ tí kì í fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù keje, ó tì í, kò wọlé. Ó fi epo pa á, ó fi aṣọ gbígbóná jó o, ó tún tì í. Nígbà tí aago méjì òru máa fi lù, ó ti ń bì, ikùn rẹ̀ sì ti le bí ìlù. A gbé e dé ilé ìwòsàn kan, nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, dókítà ti rìnrìn àjò. Ilẹ̀ ti mọ́ ká tó dé ibi kejì. Ìfun tó há sínú ihò náà ti dúdú bí èédú. Wọ́n gé e kúrò, wọ́n so ìyókù pọ̀. Dókítà wá sọ fún wa pé òun kò lè fi nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń lẹ ihò sí i nítorí ojú ibẹ̀ ti dọ̀tí, pé òun kàn fa ẹran pọ̀ rán ni. Lẹ́yìn ọdún méjì, ìpá náà tún yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpá.

Ẹ̀ẹ̀kejì, ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó fúnra rẹ̀ mú ló lọ. Ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé, òun àti nọ́ọ̀sì ń ṣàwàdà, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ sí ojú ibẹ̀, wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì sí i, ó sì jẹ ẹ̀kọ nílé lálẹ́ ọjọ́ náà. Abẹ́ itan kan náà ni. Ohun tó yí padà ni pé ní ọjọ́ kejì yìí, àyè wà láti yàn. Gbogbo àfiwé tí mo fẹ́ ṣe nísàlẹ̀ yìí, ẹni tó lọ ní irú ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn ló wà fún. Ẹni tí ìpá bá há mọ́ lóru kò ní ọ̀nà kankan tí yóò yàn. Ohun tó bá wà lọ́wọ́ dókítà ni wọ́n máa fi gbà á là.

Àwọn kan á ní àwọn kà á pé èèyàn lè máa wo ìpá láìṣe é. Òótọ́ ni. Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí kan tó jáde ní 2006 tẹ̀ lé ọkùnrin 720 tí ìpá wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ dùn wọ́n. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún apá kan, apá kejì ń dúró. Nínú ẹgbẹ̀rún tó ń dúró, kò tó méjì tí tirẹ̀ há lọ́dún kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún mẹ́wàá pé, bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tó ń dúró ló ti padà lọ ṣe é, ìrora ló sì lé ọ̀pọ̀ wọn lọ. Ẹ tún rántí pé áńbúláǹsì ń bẹ lẹ́nu ọ̀nà àwọn yẹn. Ẹni tó ń gbé abúlé lẹ́yìn Ìpótì tàbí Òkèmẹ̀sí, tó jẹ́ pé ọ̀kadà ni yóò fi wá mọ́tò lóru, kò yẹ kó máa ṣe ìṣirò ará Amẹ́ríkà. Bí ìpá yín bá kéré, tí kò dùn yín, tí ara yín sì ní àìlera mìíràn tó le, dókítà lè ní kí ẹ máa wò ó. Ẹni tó bá ṣì ń lọ oko, ẹ lọ ṣe é.

Ó wá ku bí wọ́n ṣe máa rán an.

Ẹ jẹ́ kí n fi ṣòkòtò ṣàlàyé. Bí ṣòkòtò bá ya nídìí, télọ̀ lè fa etí méjèèjì pọ̀ kó rán wọn mọ́ra. Kíá ló máa ń yá, kò ná yín ní nǹkan, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ bá lóṣòó, ibẹ̀ náà ni yóò tún ti fà ya, nítorí aṣọ ti há. Télọ̀ lè máa fi òwú hun ojú ibẹ̀ lọ, kó hun ún bọ̀, láìfa etí kankan, títí òwú yóò fi di aṣọ. Ó sì lè wá ìrépé aṣọ kan, kó fi lẹ̀ ẹ́. Láti nǹkan bí 140 ọdún sẹ́yìn, ọ̀nà tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ń gbà rán ìpá àgbàlagbà kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí mẹ́ta yìí.

Ẹni tó sọ fífà pọ̀ di iṣẹ́ ọgbọ́n ni Edoardo Bassini, ará Ítálì, ní ìlú Padua. 1884 ló kọ́kọ́ ṣe é. Ó fa ẹran ikùn wá sísàlẹ̀, ó rán an mọ́ iṣan líle tó ti egungun ìbàdí wá dé egungun ojú ara. Ṣáájú rẹ̀, ìpá tí wọ́n bá rán kì í pẹ́ padà. Ọ̀nà Bassini yìí ni ọ̀pọ̀ dókítà tó ti dàgbà lọ́dọ̀ wa fi kọ́ṣẹ́. Ohun tí a kì í sábà sọ ni pé Bassini fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ ń ṣí ògiri ẹ̀yìn, ó ń rán ìpele mẹ́ta pọ̀. Àwọn tó gbé iṣẹ́ náà lọ sí ilẹ̀ mìíràn gé e kúrú, wọ́n fi ṣíṣí ògiri sílẹ̀, wọ́n sì ń pè é ní Bassini síbẹ̀. Orúkọ la jogún, iṣẹ́ náà kù díẹ̀. Bí dókítà bá sọ fún yín pé Bassini lòun ń ṣe, ẹ má jẹ́ kí orúkọ tẹ́ yín lọ́rùn. Ní ọ̀pọ̀ ibi, tó bá tó mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ìpá tí wọ́n fà pọ̀ báyìí tó tún padà yọ, kì í ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Àǹfààní rẹ̀ ni pé òwú nìkan ló ń fẹ́, kò sì sí nǹkan àjèjì tí wọ́n fi sínú ara, èyí ló jẹ́ kó wúlò bí ìfun bá ti jẹrà, bíi ti bàbá mi kékeré.

Àwọn ará Kánádà ló sọ fífà pọ̀ di iṣẹ́ àrà. Edward Earle Shouldice dá ilé ìwòsàn kan sílẹ̀ ní Toronto ní 1945, ìpá ni iṣẹ́ wọn di òní. Ìlà mẹ́rin ni wọ́n ń rán, ìpele lórí ìpele, abẹ́rẹ́ ojú ibẹ̀ ni wọ́n sì sábà ń lò, débi pé aláìsàn máa ń fẹsẹ̀ rìn kúrò lórí tábìlì. Lọ́dọ̀ wọn, bí ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún ló ń padà. Ìlànà tí àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ abẹ ìpá kárí ayé fọwọ́ sí ní 2018 sọ pé bí a kò bá ní lo nẹ́ẹ̀tì, ti Shouldice ló dára jù. Ìṣòro rẹ̀ ni ọwọ́. Ẹni tó ń ṣe é níbẹ̀ ń ṣe ọgọ́rọ̀ọ̀rún lọ́dún. Ẹni tó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta láyé rẹ̀ kò lè bá a dọ́gba.

Híhun ni ti Moloney, oníṣẹ́ abẹ kan ní Oxford, ní 1948. Òwú náílọ́nù ló ń lò, á mú un láti òkè bọ́ sísàlẹ̀, láti ìsàlẹ̀ padà sókè, láìfà á le, bí apẹja ṣe ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe. Ọ̀nà yìí gbajúmọ̀ gan-an nílé ìwòsàn Nàìjíríà, ìdí rẹ̀ kò sì ṣòro: náílọ́nù kò wọ́n. Bí ọwọ́ tó ń ṣe é bá mọ ọ́n, ó sàn ju fífà pọ̀ lásán lọ. Èmi kò ní bínú sí dókítà tó bá ní òun máa hun ún fún mi, bí ó bá lè sọ iye tó ti hun lọ́dún yìí.

Lílẹ̀ ni èyí tí ayé ń ṣe jù lónìí. Irving Lichtenstein, ní Los Angeles, bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1984. Mo ti di nẹ́ẹ̀tì náà mú lọ́wọ́ rí. Funfun ni, ó fúyẹ́ bí ìyẹ́, ó jọ nẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé tí wọ́n fọ̀ mọ́, gígùn rẹ̀ tó bí sẹ̀ntímítà 15, fífẹ̀ rẹ̀ tó bí méje. Dókítà á gé etí rẹ̀ lápá kan láti àárín, ó di ìrù méjì. Okùn tó gbé kóropọ̀n rọ̀ á gba àárín ìrù méjèèjì kọjá, á sì wá fi ìrù kan lé èkejì lórí, bí obìnrin ṣe ń ká ìró. Yóò rán an mọ́lẹ̀ ní ẹsẹ̀ díẹ̀. Kò fa ẹran kankan. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹran ara á gba ojú nẹ́ẹ̀tì náà hù jáde bí koríko ṣe ń gba ojú wáyà ọgbà, òun àti ara á wá di ọ̀kan. Bí ẹyọ kan sí mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ló ń padà. Nẹ́ẹ̀tì yìí ni ìlànà 2018 ní kí a fi rán ìpá àgbàlagbà.

Ọ̀rọ̀ méjì ló wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ìrora. Nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n bá rán ìpá fún, bí mẹ́wàá ló ń ní ìrora tó ju oṣù mẹ́ta lọ. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n àwọn díẹ̀ wà tó ń dí lọ́wọ́ iṣẹ́. Àwọn iṣan ìmọ̀lára tó ń gba ojú ibẹ̀ kọjá ló sábà ń fà á, ẹni tí wọn kò fi nẹ́ẹ̀tì sí lára náà ń ní in. Èkejì ni ohun tí wọ́n ń sọ lábẹ́ igi pé nẹ́ẹ̀tì ń sọ ọkùnrin di akúra. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí wọ́n ń fi í sí kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú nǹkan ọkùnrin tó le tàbí tí kò le. Ohun tó lè ba kóropọ̀n jẹ́ ni kí ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ síbẹ̀ gé, ó sì máa ń ṣẹlẹ̀ jù nígbà tí wọ́n bá ń tún ìpá tó ti padà rán, nítorí pé àpá ti dà gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ìyẹn gan-an fi hàn pé kí wọ́n rán an dáadáa lẹ́ẹ̀kan.

Owó nẹ́ẹ̀tì ni ẹ̀rù ọ̀pọ̀ wa. Àwọn dókítà kan ní Íńdíà ti kọ́kọ́ wo nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn pé rọ́bà tó jọ ti nẹ́ẹ̀tì ìpá ni wọ́n fi ń ṣe é. Ní ìlà oòrùn Ùgáńdà, wọ́n dán an wò lára ọkùnrin 302: apá kan gba nẹ́ẹ̀tì ilé iṣẹ́ olówó ńlá, apá kejì gba irú ti ẹ̀fọn tí owó rẹ̀ jẹ́ bíi dọ́là kan. Lẹ́yìn ọdún kan, ìpá kan ṣoṣo ló padà nínú àwọn tó gba ti dọ́là kan, kò sí èyí tó padà lápá kejì. Ìyàtọ̀ yẹn kò tó nǹkan. Ìwé ìròyìn ìṣègùn àgbà kan ní Amẹ́ríkà tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2016. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gé nẹ́ẹ̀tì orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ gbé lọ sílé ìwòsàn o. Tiwa ní oògùn ẹ̀fọn lára. Èyí tí wọ́n lò kò ní in, wọ́n gé e ní ìwọ̀n, wọ́n sì fi ooru pa kòkòrò ara rẹ̀ kú kó tó dé tíátà.

Ọ̀nà kan tún wà tí kò gba nẹ́ẹ̀tì, tí kò sì fa nǹkan. Mohan Desarda, ní ìlú Pune ní Íńdíà, ló gbé e jáde ní 2001: ó gé ọ̀já kan lára iṣan ikùn aláìsàn fúnra rẹ̀, kò já a kúrò, ó fi ọ̀já náà lẹ ihò. Ìrépé láti ara aṣọ kan náà, ẹ lè sọ bẹ́ẹ̀. Ní Poland, wọ́n fi wé ti Lichtenstein lára ọkùnrin 208, fún ọdún mẹ́ta, èsì wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ìlànà àgbáyé kò tíì gbé e ga tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n fún ilé ìwòsàn tí nẹ́ẹ̀tì ti wọ́n, mo rò pé ó yẹ kí àwọn dókítà wa máa kọ́ ọ.

Ó ku ti kámẹ́rà: ihò kéékèèké mẹ́ta ni wọ́n ń lu sí ikùn. Wọ́n á fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, wọ́n á ti kámẹ́rà wọlé, wọ́n á sì fi nẹ́ẹ̀tì lẹ ihò náà láti ẹ̀yìn. Ó yẹ ẹni tí ìpá rẹ̀ wà lápá ọ̀tún àti òsì, ó yẹ ẹni tí tirẹ̀ ti padà lẹ́yìn tí wọ́n ti là á láti iwájú, ẹni náà sì tètè ń padà síbi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n oògùn oorun ni wọ́n sábà ń lò, ẹ̀rọ rẹ̀ wọ́n, ọwọ́ sì ń pẹ́ kó tó mọ́ ọn. Ilé-Ifẹ̀ ti ń fi kámẹ́rà ṣe iṣẹ́ abẹ ikùn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Fún ìpá kan ṣoṣo tí kò tíì padà rí, èmi kò rí ìdí tí àgbẹ̀ Àrámọ̀kọ á fi ta ilẹ̀ nítorí kámẹ́rà.

Bí ẹ bá ní kí n mú ọ̀kan, ti Lichtenstein ni, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ ojú ibẹ̀. Abẹ́rẹ́ yẹn ṣe pàtàkì tó bí rírán fúnra rẹ̀. Àwọn mẹ́ta ló wà: èyí tó ń mú ojú ibi tí wọ́n fẹ́ gé nìkan kú, èyí tí wọ́n ń gún sí ẹ̀yìn tó ń mú ìsàlẹ̀ ara kú, àti oògùn oorun. Ti ojú ibẹ̀ ló bọ́ sí àgbàlagbà tí ọkàn tàbí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò le. Ẹ ó máa gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, ẹ ó mọ̀ pé wọ́n ń fà yín, ṣùgbọ́n kò ní dùn yín. Bí ó bá dùn, ẹ sọ̀rọ̀, wọ́n á fi kún un. Ohun mìíràn tó dára nínú rẹ̀ ni pé dókítà lè ní kí ẹ wúkọ́ lórí tábìlì, kó fi ojú ara rẹ̀ rí i bóyá ibi tó rán dúró.

Ta ni kó ṣe é? Ẹ má rò pé àfi ọ̀gá àgbà ní Adó-Èkìtì. Ní Ghana, wọ́n fi iṣẹ́ àwọn dókítà gbogboogbò tí wọ́n kọ́ ní rírán ìpá wé ti àwọn oníṣẹ́ abẹ gidi, lára ọkùnrin tó lé ní 200. Nígbà tó di 2019 tí èsì jáde, ti àwọn dókítà gbogboogbò kò rẹ̀yìn rárá. Nílẹ̀ Yorùbá níbí, Dókítà Olúyọ̀ḿbọ̀ Awójobí, tó jáde láti Ìbàdàn, kọ ìlú ńlá sílẹ̀, ó dá ilé ìwòsàn rẹ̀ sílẹ̀ ní Èrúwà ní 1986, ibẹ̀ ló sì ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún àwọn àgbẹ̀ títí ó fi kú ní 2015. Táyà kẹ̀kẹ́ ológeere ló sọ di ẹ̀rọ tó ń yí ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò. Ilé ìwòsàn kékeré tó mọ́, tí omi wà, tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ iṣẹ́ kan, kì í ṣe ohun à ń fojú tín-ín-rín.

Nítorí náà, ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Ẹ̀rọ wo lẹ ní?" Ẹ bi dókítà ní pẹ̀lẹ́ pé, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ìpá mélòó lẹ ti rán lọ́dún yìí?" Ẹ bi í irú ọ̀nà tó ń gbà, bóyá yóò fi nẹ́ẹ̀tì sí i, bóyá owó nẹ́ẹ̀tì wà nínú iye tí wọ́n pè fún yín tàbí ẹ̀yin lẹ máa lọ rà á ní fáámásì. Ẹ bi í ní abẹ́rẹ́ tí yóò lò. Dókítà tó bá dáhùn láìbínú, ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ọn. Ẹ tún béèrè nípa adójútòfò ìlera: òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2022 sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, ìpínlẹ̀ Èkìtì náà sì ní tirẹ̀. Ẹ béèrè ohun tí káàdì yín gbé kí ẹ tó lọ, kì í ṣe nígbà tí ẹ bá ti wà lórí tábìlì.

Ọmọdé yàtọ̀ pátápátá. A kì í fi nẹ́ẹ̀tì lẹ ìpá ọmọdé, a kì í sì í fa ẹran rẹ̀ pọ̀. Àpò tó yẹ kó ti dí lẹ́yìn ìbí ni kò dí, wọ́n á kàn dè é, wọ́n á gé e, ó tán. Ṣùgbọ́n kí ìyá má ṣe dúró kó dàgbà, nítorí ìpá ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan tètè ń há. Ẹ má sì fi wé ìdodo tó yọ. Ọ̀pọ̀ ìdodo ló ń pa dé fúnra rẹ̀ kí ọmọ tó pé ọdún mẹ́rin, márùn-ún. Ti abẹ́ itan kì í pa dé. Ti obìnrin náà, ẹ má fojú kékeré wò ó. Nǹkan kóńkó tó wú nísàlẹ̀ díẹ̀, lókè itan, tí wọ́n rò pé eéwo ni, lè jẹ́ irú ìpá tó tètè ń há jù. Fún obìnrin, bí kámẹ́rà bá wà nítòsí, ibẹ̀ ni mo ti gbà pé kí wọ́n ná owó.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ẹ dìde rìn lọ́jọ́ náà gan-an. Àpò kóropọ̀n lè wú díẹ̀, ó lè dúdú bí ibi tí wọ́n lù. Á lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, méjì. Ibà, ọyún, tàbí ojú ọgbẹ́ tó ń gbóná sí i, ẹ padà lọ. Ẹ jẹ ìbẹ́pẹ, ẹ jẹ ọbẹ̀ ilá, ẹ mu omi, kí ẹ má baà fipá yàgbẹ́. Ìlànà òkè òkun ní kí èèyàn padà sẹ́nu iṣẹ́ bí ara rẹ̀ bá ṣe gbà. Akọ̀wé ni mo gbà pé kó tẹ̀ lé ìyẹn. Ẹni tó ń wa kùsà ní Ìjerò, kó fi digà sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kó sì jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ó bá jẹ́ pé fífà ni wọ́n fà á pọ̀. Ẹ bá ìyàwó àti àwọn ọmọ sọ ọ́ ṣáájú, nítorí ilé tí kò bá mọ̀ á ní ọ̀lẹ ń mú bàbá.

Bí ìpá bá há kí ẹ tó lọ: ó le, ó ń dùn, kò wọlé mọ́, ẹ ń bì, ìgbẹ́ àti afẹ́fẹ́ kò jáde. Ẹ má fọwọ́ pa á. Ẹ má fi nǹkan gbígbóná jó o. Ẹ má jẹun, ẹ má mu àgbo, kí inú lè ṣófo fún oògùn oorun. Ẹni tó wà ní Ìjerò, Ilé Ìwòsàn Ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì ni ọ̀nà yín. Àrámọ̀kọ, ẹ gba Adó lọ sí ti yunifásítì ìpínlẹ̀. Ẹfọ̀n, ẹ wo èyí tí ọ̀nà rẹ̀ bá dára lálẹ́ náà, Adó tàbí Wesley Guild ní Iléṣà. Ẹ ti gba nọ́ńbà fóònù ibẹ̀ sílẹ̀ láti ìsinsìnyí. Kí mọ́tò tó gbéra, kí ẹnì kan pè wọ́n, kó béèrè ohun kan ṣoṣo: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé dókítà tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ wà lórí ilẹ̀ lóru yìí?" Bí wọ́n bá ní kò sí, ẹ má wulẹ̀ yà síbẹ̀, ẹ pe ibi kejì.